Oṣù Tó Dorí Kodò

Aṣọ wà lórí tábìlì, sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ Hàlímàt, ó ti gé apá kan bùbá náà tán, ó fẹ́ gé èkejì, nígbà tí iná dé. Fóònù rẹ̀ tó ti kú sẹ́nu wáyà láti ọ̀sán àná jí, àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ Tóyọ̀sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, ọ̀kan ń ti èkejì lẹ́yìn.

"Ọ̀rẹ́, Taofeek ti wọ Ọ̀fà o. Gáréèjì ló wà."

"Ó ń pè ọ́, kò wọlé."

"Hàlímàt, níbo lo wà? Ó ní òun ò lè ṣọ́ ẹrù ẹlẹ́rù di alẹ́."

"Ó ti gbé e padà sí Ìbàdàn o."

Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ọ̀rọ̀ àná. Hàlímàt tún un kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni pé àkàtúnkà lè dá mọ́tò padà. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó sì jókòó sórí aṣọ oníbàárà láìmọ̀.

Ohun tó wà nínú ẹrù yẹn ló ti ń gbé sùn tó sì ń gbé jí láti bí oṣù kan. Tẹlisíkóòpù ni, awò gidi tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run, èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe, tó ní dígí ràgàjì nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀ tó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ. Ọ̀gá tó ni ilé ìwé tí Tóyọ̀sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe tíṣà ní Ìbàdàn ló ni ín. Bàbá náà fẹ́ lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ lókè òkun, ó sì ń ta ẹrù ilé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti jọ ṣàdéhùn: Taofeek awakọ̀ yóò gbé e wá sí Ọ̀fà, Hàlímàt yóò ka owó lé e lọ́wọ́ ní gáréèjì, yóò sì gba ẹrù rẹ̀. Báyìí ni ẹrù ṣe máa ń rìn láàárín Ìbàdàn sí Ọ̀fà, iṣu ni o, àpótí aṣọ ni o. Owó náà ṣì wà nínú báàgì rẹ̀.

Ó pe Tóyọ̀sí.

"Mo bẹ̀ ọ́, iná ni. Fóònù mi kú."

"Iná! Ìwọ tó ń wo ìràwọ̀ láti ilẹ̀ yìí, o ò rí ẹni tó máa yá ẹ ní páwà báńkì?"

"Tóyọ̀sí, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Inú mi ò dùn."

"Inú tèmi ló dùn? Taofeek bú mi débi pé mo fẹ́ gbàgbé orúkọ ara mi. Ó ní ṣé òkú lòun gbé wá ni, tí ẹni tó ni ín fi sá."

Hàlímàt rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Tóyọ̀sí náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀.

"Gbọ́ o. Ilé ìwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà ń béèrè ẹ̀. Ọ̀gá ní òun ò fẹ́ gbọ́ ìtàn gáréèjì mọ́. Kí o fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun lónìí, Taofeek á gbé e padà wá lọ́la. Bí mi ò bá gbúròó ẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ó ti di ti àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?"

"Ṣé èyí tún di ohun tí wọ́n ń béèrè ni? Ṣùgbọ́n òní gan-an ni mo fẹ́ lò ó. Òní ni wọ́n máa wo oṣù."

"Oṣù ò ní sá lọ, ọ̀rẹ́. Òun ò ní mọ́tò."

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà fún Hàlímàt. Kí wọ́n tó bí i ni Ràímì bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ẹni tí gbogbo àdúgbò wọn ń wò lójú bí ààwẹ̀ bá ku ọ̀la. Àwọn ọkùnrin mọ́sálásí yóò jáde sí pápá tó ga lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọn yóò kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, wọn yóò máa na ìka káàkiri bí ẹni tó ń wá ẹran tó sọnù. Ràímì kì í na ìka. Á dákẹ́, á di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, nígbà tó bá sì yá, á ní, "Òun nìyẹn," ibẹ̀ náà ni oṣù á sì wà. Oníṣẹ́ aago ni. Ojú rẹ̀ ló fi jẹun. Ìdè inú aago ọwọ́, bóòtù tó kéré ju ẹyin èèrà lọ, yóò mú un pẹ̀lú ẹ̀mú tín-ínrín, yóò sì fi sí àyè rẹ̀ láìmí.

Ní ọdún tó kọjá, àwọn ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ rí oṣù. Ràímì ní eruku ọyẹ́ ló dí òun lójú. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ tó kọjá, Àfáà Kamaldeen, imáàmù mọ́sálásí wọn, dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Hàlímàt.

"Ọmọ Ràímì, gbé páìpù rẹ wá lọ́dún yìí. Kí bàbá rẹ fi wò ó. Ẹni bá ti fojú lásán rí i náà, kó máa rí i."

Páìpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, páìpù omi funfun sì ni lóòótọ́. Hàlímàt ló ṣe é. Bàbá rẹ̀ ló fún un ní dígí àkọ́kọ́, awò kékeré tó máa ń há sójú bó bá ń tún aago ṣe, nígbà tí oníbàárà ò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Fóònù ló pa iṣẹ́ aago, bó ṣe máa ń sọ nìyẹn. Dígí yẹn ni Hàlímàt fi sẹ́yìn páìpù, ibi tí èèyàn máa ń fojú sí; ó wá dígí tó fẹ̀ jù ú lọ sí iwájú, lára awò àwọn arúgbó tí wọ́n ń tà ní ọjà Ọwọ́dé. Alẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sí òṣùpá, ó rí àwọn ihò tó wà lára rẹ̀, ó rí òjìji àwọn òkè ibẹ̀, ó sì jókòó sórí ìkòkò tó dojú dé, ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé òun náà ní mọ̀lẹ́bí níbòmíràn.

Ó sáré lọ pe bàbá rẹ̀. Ràímì bẹ̀rẹ̀, ó wò ó títí.

"Ó dára," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó ń ṣú."

Láti ọjọ́ náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Hàlímàt pààrọ̀ dígí iwájú. Bàbá ní ó ń ṣú. Ó kun inú páìpù ní dúdú kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa ta káàkiri nínú rẹ̀. Bàbá ní ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣú. Ó ní kí Habeeb wẹ́dà ṣe ẹsẹ̀ irin mẹ́ta fún un kí ó yé gbọ̀n. Kò gbọ̀n mọ́. Ó ń ṣú. Ojú tirẹ̀ rí i pé ó mọ́. Ó rí ìràwọ̀ kéékèèké mẹ́rin tó ń tẹ̀ lé Júpítà bí òròmọdìyẹ, ó rí wọn kedere. Ṣùgbọ́n ta ni òun? Ta ni òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tó ń rí ìdè aago? Bí ojú bàbá òun bá ní ó ṣú, ó ṣú ni. Ó gbà pé òun ni kò tíì mọ bí nǹkan tó mọ́ ṣe ń rí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tú u, tó ń tò ó, tó tún ń tú u, títí tó fi rẹ̀ ẹ́, tó fi dá a lójú pé páìpù ò lè dára ju báyìí lọ àti pé àfi kóun ra gidi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló yọ dígí iwájú kúrò, tó fi gèlè àtijọ́ wé e, tó sì dá ẹsẹ̀ irin padà fún Habeeb pé kó fi ṣe nǹkan mìíràn.

Ní báyìí, oṣù máa lé lónìí, gidi wà ní Ìbàdàn, páìpù sì wà ní túútúú.

Ó fi báàgì kọ́ èjìká, ó gbé páìpù dání, ó sì jáde. Yóò kọ́kọ́ gba ẹsẹ̀ irin, lẹ́yìn náà ni yóò yà lọ́dọ̀ oní-POS fi owó ránṣẹ́.

Habeeb ń jó irin gẹ́ètì lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìjàgbò. Nígbà tó rí i, ó ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè.

"Ìyàwó òṣùpá ti dé! Ṣé ọkọ ẹ ti lé ẹ jáde ni?"

"Bọ̀ọ̀dá Habeeb, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mi dà?"

"Ẹsẹ̀ rẹ ni mò ń wò yìí, méjì ló pé."

"Ẹsẹ̀ irin mi."

"Háà, èyí tó o ní o ò fẹ́ mọ́?" Ó tọ́ka. Ẹsẹ̀ irin náà wà lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n gbé páànù omi ìfọwọ́ lé e. "Ó ti ríṣẹ́. Kò ṣètò àtipadà wá sílé ìyá ẹ."

Ṣùgbọ́n ó ti dìde bó ti ń sọ ọ́. Ó gbé páànù kúrò, ó fi àkísà nù ún, ó rí i pé ìsopọ̀ kan ti là, ó sì jó o padà láìjẹ́ kó bẹ òun. Lẹ́yìn náà ló bá a gbé páìpù lé e, Hàlímàt sì de dígí iwájú padà sí àyè rẹ̀.

"Jẹ́ kí n wò ó," Habeeb ní. Ó kọ páìpù sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lọ́hùn-ún, lẹ́yìn àwọn ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ rí?"

"Ẹyẹ àwòdì kan kọ́ ilé sórí òpó yẹn. Ó gbé orí sísàlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ń fẹnu tún ìyẹ́ ara ẹ̀ ṣe. Mo rí ìyẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan." Ó gbójú sókè. "Hàlímàt, kí ló dé tó o fẹ́ ra òmíràn?"

"Ó ń ṣú."

"Èwo ló ń ṣú?"

"Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀."

Habeeb yíjú sí ẹsẹ̀ irin náà. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu irin tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Bàbá kọjá níbí lánàá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, níbi tó o dúró sí yìí. Wọ́n ní, 'Rídwàn, ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́?'"

"Ẹ̀yin àti Rídwàn àbúrò yín jọra."

"Rídwàn ga jù mí lọ. Rídwàn ò ní irùngbọ̀n."

"Bàbá mi ti ń darúgbó, Bọ̀ọ̀dá Habeeb. Gbogbo àgbà ló ń ṣi orúkọ pè."

"Òótọ́ ni," Habeeb wí, ó sì fa ìbòjú rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò sọ nǹkan kan."

Hàlímàt gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ. Inú ń bí i sí Habeeb, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Oníwẹ́dà tó ń fojú wo iná látàárọ̀ dalẹ́, kí ló mọ̀ nípa ohun tó mọ́? Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ oní-POS, obìnrin náà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, kó padà wá tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ó dúpẹ́, ó sì ń bá ọ̀nà lọ. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ara tù ú díẹ̀.

Ní ọ̀sán yẹn, dípò kó parí bùbá oníbàárà, ó gé páálí dúdú ní róbótó, ó dá ihò sí àárín rẹ̀, ó sì fi bo dígí iwájú kí ó má baà gba ìmọ́lẹ̀ láti etí. Ó ti kà á rí pé etí dígí olówó pọ́ọ́kú kì í ṣòótọ́, àárín rẹ̀ ló ṣeé fọkàn tán. Nígbà tó fi wo góńgó igi ọ̀pẹ tó wà lọ́nà Ẹ̀rìn-Ilé, àwọ̀ pupa àti búlúù tó máa ń yí nǹkan ká ti dínkù. Igi ọ̀pẹ náà dorí kọ ilẹ̀, bí gbogbo nǹkan ṣe máa ń ṣe nínú awò náà, ṣùgbọ́n gbogbo imọ̀ rẹ̀ ló yọ kedere lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Lónìí, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀, lónìí Bàbá ò ní rí nǹkan wí sí i.

Ràímì ti ìta wọlé, ó fi ẹsẹ̀ wá àga, ó jókòó. Ó ṣì máa ń lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójoojúmọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń gbé aago wá. Láti ìgbà tí ìyá Hàlímàt ti kú, àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé náà, ilé sì dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wojú ara wọn bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀.

"Ṣé tuntun ti dé?"

"Kò dé, Bàbá. Awakọ̀ gbé e padà lánàá. Fóònù mi ló kú."

Ó rò pé inú yóò bí i. Ṣùgbọ́n èjìká Ràímì wálẹ̀, ojú rẹ̀ sì tú, bíi ti ẹni tí wọ́n sọ fún pé àlejò tí kò fẹ́ kò wá mọ́.

"Kò burú," ó ní. "Kò burú rárá. Èyí tó wà náà la máa lò. Bí ó bá tiẹ̀ ṣú, gbogbo ayé mọ̀ pé páìpù ni."

"Mo ti tún un ṣe, Bàbá. Kò ní ṣú lónìí."

"Háà," ni Ràímì dáhùn.

Nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀, àwọn ọkùnrin ti pọ̀ ní pápá. Eruku ọyẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀, ojú ọ̀run pọ́n bí epo. Wọ́n fún Hàlímàt láyè kó gbé ẹsẹ̀ irin rẹ̀ kalẹ̀, àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ní, "Ẹ sún sẹ́yìn kó má yin ìbọn lù yín." Ó mọ òfin rẹ̀: ojú ẹni tó bá fi awò wo oòrùn, ó lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà ó fi gèlè bo ẹnu páìpù, ó dúró títí gbogbo oòrùn fi rì tán, kí ó tó ṣí i.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ó gbé e díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, ó gbé e sókè ní ìwọ̀n ìka kan, ó tún un gbà padà. Pupa lásán. Pupa. Ẹyẹ kan tó ń lọ sílé. Pupa. Lẹ́yìn náà ló rí i.

Ó tín-ínrín ju ohun tó rò lọ, bí èékánná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ìwo rẹ̀ méjèèjì kọ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ wà lókè, bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo pápá yẹn tó tíì rí i. Fún ìṣẹ́jú kan, òun nìkan ló ni oṣù náà. Ó fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n ó gbé ohùn mì. Ti Bàbá ni.

"Bàbá, ẹ bọ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ kàn fojú sí i."

Ràímì bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé Hàlímàt bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé oṣù ti rìn kúrò lójú awò.

"Mo rí i," Ràímì wí.

"Àlùhámúdù lílàhì!" ni àwọn tó wà nítòsí pariwo.

"Ó mọ́ kedere. Ó gbé ìwo rẹ̀ méjèèjì sókè, bó ṣe máa ń ṣe."

Ariwo ayọ̀ gba pápá. Hàlímàt kò bá wọn pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fojú sí awò. Oṣù ṣì wà níbẹ̀, ó ti sún díẹ̀ sí etí, ó mọ́ bí omi àmù. Ìwo rẹ̀ kọ sílẹ̀.

Ó tún un wò. Ó kọ sílẹ̀.

Kò sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ rí pé awò náà ń dorí nǹkan kodò. Ta ló ń sọ ìyẹn? Ẹni tó bá ti wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ti rí i. Habeeb wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó rí àwòdì tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Láti ìgbà yìí wá, ní gbogbo alẹ́ tí Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn páìpù yìí tó sì ní ó ń ṣú, kí ni Bàbá ń rí?

Àfáà Kamaldeen ti yọ fóònù rẹ̀ jáde. "Ràímì ti jẹ́rìí, ó parí. Ẹ jẹ́ kí n pe àwọn àgbà."

Ẹ̀rí. Ẹ̀rí níwájú Ọlọ́run, lórí ohun tí ojú ò rí. Ẹnu Hàlímàt ṣí kó tó mọ̀.

"Àfáà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fojú ara yín wò ó kẹ́ ẹ tó pè."

Gbogbo ojú yí sí i. "Kí ló wí?" ni ọkùnrin kan béèrè. Òmíràn ní, "Ojú Ràímì ò tó o ni, ìwọ ọmọbìnrin yìí?"

"Ó tó," ni Hàlímàt dáhùn. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Àfáà."

Àfáà kó agbádá rẹ̀ jọ, ó bẹ̀rẹ̀. Ó wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Súbúhánà! Mo rí i! Ṣùgbọ́n kí lẹ fi ṣe é? Ó dorí kodò!"

"Bí awò náà ṣe máa ń fi í hàn nìyẹn, Àfáà. Gbogbo nǹkan ló máa ń dorí kodò nínú ẹ̀."

Kó tó sọ ọ́ tán, ẹnì kan lẹ́yìn ti kígbe, "Òun nìyẹn! Lókè igi ọ̀pẹ yẹn!" ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nà síbẹ̀, ojú lásán ń rí i, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, àwọn èèyàn ń dì mọ́ra wọn. Nínú ariwo yẹn, kò sẹ́ni tó rántí ohun tí Ràímì sọ nípa ìwo, àfi ẹni mẹ́ta. Àfáà wo Ràímì, ó gbé ojú kúrò pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀rí ti pọ̀ tó," ó wí sínú fóònù. "Èmi fúnra mi rí i."

Ràímì dúró sí àyè rẹ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, àwọn èèyàn tú ká, wọ́n ń kí ara wọn kú oríire ààwẹ̀. Hàlímàt padà sí pápá lọ kó ẹrù rẹ̀. Bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó jókòó sórí òkúta kan. Ojú ọ̀run ṣì ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀. Hàlímàt ń tú bóòtù ẹsẹ̀ irin, ó tú u, ó tún dè é, nítorí kò mọ ohun tí ọwọ́ òun ìbá ṣe.

"Mo rí ìmọ́lẹ̀ kan," Ràímì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mi ò parọ́ pátápátá. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n tan àtùpà sísàlẹ̀ odò. Mo mọ bí oṣù ṣe máa ń rí, Hàlímàt. Èmi ni mo fi ìwo sí i."

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Kí ìyá rẹ tó lọ."

Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí ọmọ kì í wo bàbá rẹ̀ lójú bẹ́ẹ̀. Ọmọlójú tó yẹ kó dúdú ti ń funfun láàárín, bí omi tí wọ́n da ògì díẹ̀ sí. Ó ti wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, nídìí oúnjẹ, lẹ́nu ọ̀nà. Òun tó ń rí òkè inú òṣùpá.

"Aago kan ni," Ràímì wí. "Mo tú aago Alhaji kan, mi ò lè tò ó padà mọ́. Mo ní fún un pé ó ti bàjẹ́. Iṣẹ́ ojú niṣẹ́ mi. Bí mo bá sọ pé ojú ti lọ, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ máa pè ní Ràímì? Mo máa ń gbọ́ bó o ṣe ń tú páìpù yẹn, tó o tún ń tò ó. Ó máa ń dùn mí. Ṣùgbọ́n bí awò bá ń ṣú, ó túmọ̀ sí pé ojú mi ò ṣú."

Kì í ṣe ìbínú ló gba ọkàn Hàlímàt, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbínú wà níbẹ̀. Gbogbo àwọn alẹ́ yẹn ló ń padà wá bá a, ihò inú òṣùpá, òjìji àwọn òkè, ìràwọ̀ mẹ́rin tó tò tẹ̀ lé Júpítà, gbogbo ohun tó rí tí kò sì gbà pé òun rí. Wọ́n mọ́. Wọ́n ti mọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Fóònù rẹ̀ dún nínú báàgì. Iná rẹ̀ tàn láti inú aṣọ.

"Ọ̀rẹ́ rẹ nìyẹn," Ràímì wí. Ó gbé orí sókè síbi tí ohùn náà ti ń wá. "Gbé e. Sọ fún un kó gbé tuntun yẹn wá. Bóyá..." Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó ń tọrọ nǹkan. "Bóyá nínú ìyẹn, tó lágbára, bóyá n ó rí i."

Fóònù ń dún. Hàlímàt gbójú sókè. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo ti yọ lókè igi ọ̀pẹ. Ó mọ ohun tó ń fi sílẹ̀. Ó mọ̀ pé Sátọ́ọ̀nù kan wà lókè ọ̀hún tó wé òrùka mọ́ra, pé páìpù òun kò lè fi òrùka náà hàn ju bí ẹyin kan tó gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ, àti pé dígí ràgàjì inú ẹrù Taofeek yóò fi í hàn án kedere bí òrùka ìgbéyàwó. Ó jẹ́ kí fóònù dún títí tó fi dákẹ́. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ méjèèjì mú.

"Páìpù mi kì í ṣú, Bàbá. Kò ṣú rí. Ojú yín ló ń ṣú," ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n mọ́. "Mi ò ra tuntun mọ́. Mo máa pe Tóyọ̀sí pé kí wọ́n gbé e fún àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́. Owó inú báàgì yìí, ojú yín la máa fi tọ́jú. Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti ẹ̀yin la jọ ń lọ sí ọsibítù ojú ní Ìlọrin."